Àwọn Tó Pa Aṣọ́kàn Wọn

Ní ọdún tí àwọn ọmọ Ìdànrè ti ń lọ ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá bí ẹni ń lọ sí Àkúrẹ́, aṣọ́kàn méje dákẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ́kàn ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbìn sí àyà ẹni tí wọ́n bá ti tọ́jú àrùn ọkàn rẹ̀. Á máa ka bí ọkàn ṣe ń lù, á sì máa bi aláìsàn láti inú àyà rẹ̀ pé, "Ṣé ara yá?"

Dókítà Fẹ̀hìntọlá tó ṣe ẹ̀rọ náà rò pé ó bàjẹ́ ni. Ó kọ́kọ́ gba ilé Ìyá Akínbíyì lọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

"Èmi ni mo pa á," ni màmá wí. "Jókòó, ọmọ mi."

"Háà! Kí ló dé, mà? Aṣọ́kàn kì í pẹ́, kì í sì í gbàgbé."

"Kì í gbàgbé lóòótọ́, àmọ́ kò mọ̀ mí. Mò ń gbàdúrà, ó ní ṣé ara yá. Mo gbàlejò, ó ní ṣé ara yá. Mo bá ní ó yá, mo sì pa á." Màmá wo òkè níta fèrèsé. "Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, kí o tó ṣe ẹ̀rọ yìí, Nọ́ọ̀sì Mojẹ̀ẹ́dé ló máa ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Á béèrè orúnkún mi, á béèrè àwọn ọmọ, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò ní tíì dárúkọ ọkàn tí á fi ní, 'Màmá, ohùn yín ò le tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ máa bọ̀ lọ́la.' Mo máa ń wẹ̀, mo sì máa ń wọ aṣọ tó dáa, kí fóònù yẹn tó dún."

Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. "Báwo wá lẹ ṣe fẹ́ ká máa kàn sí yín, mà?"

"Ẹnu rẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè yẹn."

Ló bá ń lọ láti ilé dé ilé. Ọ̀pọ̀ fẹ́ fóònù. Ẹnì kan tí etí rẹ̀ ti di ní kí wọ́n kọ lẹ́tà. Awakọ̀ òfuurufú kan ní kí wọ́n tan aṣọ́kàn òun padà, torí òun kì í sábà sí nílé.

Ilé keje ni ti Bàbá Akíngbàsọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn, tòun taṣọ dúdú.

"Bàbá ti lọ ní Ọjọ́bọ̀," ó ní. "Ọkàn yẹn náà ni."

"Ká ní wọn ò pa aṣọ́kàn wọn ni, à bá ti tètè mọ̀," ni Dókítà wí.

"Wọ́n bẹ̀ yín kí wọ́n tó pa á. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa pe àwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín."

"Ta ló dá yín lóhùn?"

"Ẹ̀rọ ni, mà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa."