Ẹni Tó Ń Bá Mi Bẹ Màmá Agatha Wò

Mi ò jókòó láti pa àlọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìdànrè níbí, lọ́dún yìí. Bí ẹlòmíràn bá sọ irú rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín ni màá fi í rín. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbogbo irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo ti pa á tán tipẹ́.

Olúsànmí ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọ̀nà, òkúta ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji òkúta náà a sì máa bo páànù wa tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Alàgbà ni mí nínú ìjọ Aládùúrà tí bàbá mi ti ń lọ kí wọ́n tó bí mi.

Ní oṣù kẹfà, Wòlíì wa, Wòlíì Àbáyọ̀mí, pín iṣẹ́ fún àwa alàgbà. Ó ní kí oníkálukú mú aláìsàn kan. Kó máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kó ka Sáàmù fún un, kó gbàdúrà, kó jókòó tì í díẹ̀. Màmá Agatha ló kàn mí. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ náà kò wúwo. Láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ilé Màmá kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Màmá náà kì í sì í ṣe àjèjì sí mi. Nígbà tí Olúbísí, ìyàwó mi, ń rọbí Jésùtófínmi ọmọ wa fún odidi ọjọ́ méjì, Màmá Agatha ló gbààwẹ̀ tì wá. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà títí ọmọ fi ké. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò gbàgbé. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú ṣì máa tì mí.

Mo lọ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Màmá lápá òsì. Wọ́n ti fèrèsé pa. Yàrá náà ń rùn: òórùn òróró ìpara, òórùn ìtọ̀, òórùn ara tí kì í rí oòrùn. Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó fi èdè Ìdànrè bi mí pé ṣé n ó tún wá. Mo ní n ó wá. Nígbà tí mo jáde, mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí láti inú omi.

Mi ò padà lọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ fún Wòlíì pé òjò ni. Òótọ́ ni, òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ló ti dá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní aṣọ ìgbéyàwó kan wà lọ́rùn mi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, orúnkún ló ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ní mo lọ wo oko bàbá mi ní Ofosu. Mi ò lọ sí Ofosu. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, tí èmi àti Fọláyan, ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, jọ ń ta dráàfù.

Wòlíì kì í bínú. Ó kàn máa ń wò mí ni. Ojú yẹn ni mi ò lè gbà mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, tó bi mí pé, "Alàgbà, Màmá ńkọ́?" mo gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Mo lọ, Bàbá. Ara ń yá díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Olúwa á rántí iṣẹ́ yín."

"Àmín."

Ó rọrùn. Ó tilẹ̀ rọrùn ju àwáwí lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń sọ ọ́. Mo lọ. A gbàdúrà. Màmá ní kí n kí yín.

Ó di oṣù mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Màmá Agatha kú.

Nígbà tí ìròyìn náà kàn mí, kì í ṣe Màmá ni mo kọ́kọ́ rò. Ara mi ni mo rò. Faith, ọmọ rẹ̀ obìnrin, onídìrí, ló ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé. Ó máa sọ ọ́. Lójú gbogbo ìjọ ló ti máa sọ ọ́ pé alàgbà tí wọ́n rán sí ìyá òun kò yọjú.

Lọ́jọ́ kejì, ìjọ lọ kí ìdílé náà. Gbogbo wa wọ sùtánà. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Faith jáde, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí mi. Ó la àárín àwọn èèyàn kọjá, ó ń bọ̀. Mo wo ilẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Alàgbà, ẹ ṣeun," ló ní. "Ẹ ṣeun gan-an ni."

Mo na ọwọ́ kí n gbé e dìde.

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ẹ ò pa ẹyọ kan jẹ. Àwọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ò ṣe tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn èèyàn yíjú sí wa. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Omijé ni.

"Èmi?" mo ní.

"Ta ni ì bá tún jẹ́?" Ó fi ìborùn nu ojú. "Mo máa ń sọ fún Màmá pé òjò kì í pa Alàgbà. Bó ti wù kó rọ̀ tó, aṣọ funfun yín kì í tutù, ẹrẹ̀ kì í sì í kan ẹsẹ̀ yín tí kò wọ bàtà. Mo máa ń ní bóyá ẹ ti yà síbì kan kó tó dá ni."

Wòlíì gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ìyá àgbà kan ní Olúwa yóò ṣe é fún èmi náà.

Ẹnu mi là. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ti dé orí ahọ́n mi: èmi kọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo àwọn èèyàn. Mo wo Wòlíì.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," mo ní.

Mo gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi. Mo gbé e délé.

Nígbà tí mo délé, mo bi Olúbísí pé, "Ní Ọjọ́bọ̀, tó bá di aago mẹ́rin, níbo ni mo máa ń wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù kọ́?"

"Ṣé o ti rí i rí kí n wọ sùtánà jáde?"

"Sùtánà yín kì í kúrò nínú àpótí àfi lọ́jọ́ ìsìn." Ó fi ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kò sí o, Bàbá Jésùtófínmi?"

"Kò sí."

Mo bi Fọláyan náà. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ wo? Ṣebí èmi àtẹ̀yin la jọ ń wà níbí. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí mo ṣe ń fi dráàfù fìyà jẹ yín ni?"

Ní ọjọ́ Ajé, Faith fi ohùn kan ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Màmá ló máa ń ní kí òun gba àdúrà mi sílẹ̀, kó lè máa gbọ́ ọ láwọn ọjọ́ tí mi ò bá wá. Ó ní òun kàn máa ń fi fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni, òun fúnra òun ò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n òun gbà pé màá fẹ́ fi pamọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti mú iná lọ. Ẹ̀rọ mi dákẹ́. Oòrùn mú lórí òkúta ẹ̀yìn ilé débi pé ojú ò lè wò ó. Kò sí ọ̀kadà lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń kọjá. Mo tẹ fóònù náà.

Òjò ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Òjò lórí páànù. Lẹ́yìn náà ibùsùn ké. Lẹ́yìn náà ẹnì kan húkọ́ díẹ̀, bí mo ṣe máa ń húkọ́ kí n tó kàwé.

Ohùn mi ni.

Kì í ṣe ohùn tó jọ tèmi. Tèmi ni. Ó ń ka Sáàmù kan, Sáàmù tó gùn, àkọ́sórí ló sì fi ń kà á, nítorí mi ò gbọ́ kí ìwé ṣí. Èmi ò mọ Sáàmù náà sórí. Lẹ́yìn náà ó gbàdúrà. Ó dárúkọ àwọn ọmọ Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti kú. Àwọn orúkọ kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí. Kò kánjú. Èmi a máa kánjú tí mo bá ń gbàdúrà.

Ó ṣe àmín. Òjò nìkan ló kù.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Màmá. Ó rẹlẹ̀. "Ẹ ṣeun," ló ní.

Mo dá fóònù dúró. Mo dá a padà. Mo tún gbọ́ ọ. Ẹ ṣeun. Ìṣojú Màmá Agatha ni wọ́n ṣe sọ mí lórúkọ. Láyé rẹ̀, kò fi "ẹ" pè mí rí. Olúsànmí ló ń pè mí. "Ìwọ" ló ń pè mí.

Mo jẹ́ kó máa lọ.

"Olúsànmí ńkọ́?" Màmá bèèrè.

Ohùn mi dá a lóhùn.

"Kò tíì ráyè."

"Ṣé ó máa wá?"

"Èmi náà ń retí rẹ̀."

Òjò. Òjò títí. Mo rò pé ó ti parí. Màmá wá sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́.

"Ẹ má bínú sí i. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un."

Kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀. Arábìnrin àgbà tó wà lórí ibùsùn àìsàn ló ń bá mi wá àwáwí. Èmi sì wà nídìí dráàfù.

Mo lọ bá Wòlíì. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òjò títí dórí oko Ofosu. Mo jẹ́ kó gbọ́ fóònù náà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mú un dání.

"Ta ni, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé áńgẹ́lì ni?"

"Mo ní mi ò mọ̀, Alàgbà." Ó wọ awò rẹ̀ padà. "Ẹ lọ sọ fún Faith."

Mo lọ. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo dúró sí tí mo sọ ọ́ fún un. Mo rò pé kò ní gbà á gbọ́. Kò jiyàn. Ó jókòó. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ mi tí bàtà wà lára rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò wá?" ló bi mí.

Mo wá òjò, mi ò rí i. Mo wá aṣọ ìgbéyàwó, mo wá orúnkún. Kò sí èyí tó jáde.

"Yàrá yẹn ń rùn," mo ní.

Ó mi orí. Ó dìde, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà ó ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í kúnlẹ̀ mọ́.

Wòlíì fún mi ní aláìsàn mìíràn: Bàbá Ignatius, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Aládé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kì í sì í lè dìde. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gun ọ̀kadà débẹ̀ ní aago mẹ́rin gééré. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Alàgbà, ẹ tún padà?" ló ní. "Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

Mo wọlé. Bàbá ti sùn. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ara ẹni tí wọ́n ti gbàdúrà fún. Mo jókòó tì í díẹ̀, mo lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo dé ibẹ̀ ní aago méjì. Ìyàwó rẹ̀ ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Bàbá ti sùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo dé ní aago méjìlá ọ̀sán. Bákan náà ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mi ò dúró jẹun. Ọ̀kadà tó kọ́kọ́ kọjá láàárọ̀ ni mo gùn. Ìkùukùu ṣì bo orí àwọn òkè, ìrì ṣì wà lára kòkó lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ilé Bàbá Ignatius. Mi ò pàdé ẹnì kankan níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Ó dá ọwọ́ ró, ó wò mí, ó wo inú ilé.

Ó yẹ̀ fún mi.

Bàbá kò sùn. Ó kọjú sí àjà. Ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sí ẹni tó wà lórí rẹ̀.

"Olúsànmí," ló ní.

Mi ò tíì sọ orúkọ mi fún un rí. Nínú ilé yẹn, Alàgbà ni wọ́n ń pè mí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà."

"Ó ní kí o wá parí rẹ̀."

"Parí kí ni, Bàbá?"

"Àdúrà náà."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Mi ò mọ ibi tí ẹni yẹn bá àdúrà náà dé. Mo kúnlẹ̀.