Orí Ìbejì Tí Wọ́n Fá Lọ́dún Lúkúlúkú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1918, Ìyá Àpèkẹ́ jáde sẹ́yìnkùlé ilé ọmọ rẹ̀ ní Pàkọ̀, ní Igbó-Ọrà, ó sì bá obìnrin àlejò kan lábẹ́ igi ọdán, tó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, tó ń pa iná orí fún un. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ wọ́n fọ́, ó sì ń kọrin lábẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá Àpèkẹ́ dúró gbagidi. Kì í ṣe orí ọmọ àlejò ló bà á lẹ́rù. Orí Kẹ́hìndé, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni obìnrin náà àti àwọn èrò tó bá rìn ti Òkè-Ògùn dé. Láyé ìgbà náà, kò sí ọ̀kadà, kò sí mọ́tò tí yóò gbé ènìyàn gba Igbó-Ọrà kọjá fìrì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, wọn a yà sí ilé tó bá sún mọ́ ọ̀nà jù, wọn a ní, "Ẹ kúulé o, àlejò yín rèé." Onílé kì í béèrè ẹni tó rán wọn wá. Á ní kí wọ́n wọlé, á bu omi fún wọn, á tẹ́ ẹní. Mo mọ̀ pé ayé ìgbà náà ní ìyà tirẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn mí pé ohun gbogbo ló dára níbẹ̀. Àmọ́ ti ẹní yẹn ń dùn mí. Ta ló ń tẹ́ ẹní fún ẹni tí kò mọ̀ rí lónìí?

Ọmọ àlejò náà ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé. Kẹ́hìndé, tí kì í lè rí ọmọdé kó má sọ ọ́ di ọ̀rẹ́, ti fà á lọ sórí ẹní tirẹ̀. Aṣọ ìbora kan náà ni àwọn méjèèjì dà bora, orí kan orí. Táyé, ìkejì Kẹ́hìndé, sùn sẹ́yìn ìyá àgbà ní tirẹ̀. Ìbejì obìnrin ni wọ́n, wọn kò tíì pé ọmọ ọdún méje.

Nígbà tí àlejò rí Ìyá Àpèkẹ́, ó fẹ́ dìde kó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá."

"Jókòó, jókòó. Ṣé dáadáa lẹ jí? Kí lò ń pa lórí ọmọ yẹn?"

"Iná ni, Ìyá. Ojú ọ̀nà la ti kó o. Ibi tí a sùn sí kí a tó dé Ayétẹ̀, ẹní wọn ò dáa."

"Ẹní tiwa wá ńkọ́?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Àwọn ọmọ ti sùn lọ kí n tó rántí."

Kí ẹ má rò pé iná orí jẹ́ ohun ìtìjú ńlá nígbà náà. Obìnrin máa ń jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án, kí ọ̀kan máa wo orí èkejì, kí wọ́n sì fi ìyẹn sọ ọ̀rọ̀ ilé ọkọ tí ẹnu kò lè sọ lójúkojú. Ohun tó mú un le fún Ìyá Àpèkẹ́ ni pé àwọn ọmọ yìí kò sí lọ́wọ́ ìyá wọn. Gbémisọ́lá, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti ru ẹ̀gúsí lọ sí Abẹ́òkúta. Kó tó lọ, ó jókòó látàárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, ó di ṣùkú fún àwọn méjèèjì, irun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúdú, tó ń dán fún òrí. Gbogbo Pàkọ̀ ló mọ̀ pé Gbémisọ́lá kò ní ìgbéraga kankan àfi ti irun àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fà wọ́n lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ni kí n bá wọn o." Ìyá Àpèkẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ó ní ṣé Gbémisọ́lá nìkan ló bí wọn ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ, ó sì fi í sọ́kàn.

Ó gbé Kẹ́hìndé sínú oòrùn. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya irun náà lẹ́sẹẹsẹ, ó wo ẹ̀yìn etí, ó wo ìpàkọ́ níbi tí iná ti máa ń yé sí. Kò rí nǹkan kan.

"Ṣé ó ń yún ọ?"

"Rárá."

"Rò ó dáadáa. Kò yún ọ níbí yìí?"

Kẹ́hìndé rò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ọmọ wo ni wọ́n á bi bẹ́ẹ̀ tí orí ò ní yún?

Ibẹ̀ ni Rosaline ti bá wọn. Rosaline ni ìyàwó Malachi, olùkọ́ ìjọ, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń wá kí Ìyá Àpèkẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kò gbà láti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo orí Kẹ́hìndé, òun náà kò rí nǹkan kan.

"Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná kì í fò," ó ní. "Ó lè ti rá wá síbí, ó sì lè má wá rárá. Ẹ máa wò ó láràárọ̀ nínú oòrùn. Ẹ sá ẹní, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìbora, ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì lo òòyà kan náà. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ tú irun náà, ẹ fi àdín pa á dáadáa, ẹ yà á. Ó tán."

"Kí ó tó di pé mo rí ẹyọ kan, ẹyọ kan á ti bímọ."

"Ìyá, ìyá wọn fẹ́ràn irun yẹn o."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Àpèkẹ́ wí. "Ẹ ṣé, Ìyá Olùkọ́. Ẹ kí Bàbá."

Ohun tí Rosaline kò mọ̀ ni pé ọmọ Ìjàyè ni Ìyá Àpèkẹ́. Ó kéré bí àwọn ìbejì yìí nígbà tí ogun fọ́ ìlú wọn, tí ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ sá gba inú igbó títí wọ́n fi dé ibùdó àwọn tó sá fún ogun. Níbẹ̀, wọ́n sùn lórí ara wọn bí igi ìdáná. Iná bo gbogbo wọn, lórí, láṣọ, láàárín ẹní. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń sunkún tọ̀sán-tòru, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya orí, lẹ́yìn náà ibà dé, ó sì dákẹ́. Ìyá Àpèkẹ́ kò mọ̀ bóyá iná ló pa á tàbí ebi. Ohun tó mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, irun orí rẹ̀ ṣì ń mira. Ẹni tó ti rí irú ìyẹn, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ òòyà.

Ó ránṣẹ́ sí Tàófíìk, onígbàjámọ̀. Tàófíìk pọ́n abẹ, ó wo irun ṣùkú náà, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ìyá, ṣé ẹ ti rí iná ọ̀hún?"

"Fá a."

"Mo ní ṣé ẹ ti rí i?"

"Tàófíìk, ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Ó fá a. Irun tí Gbémisọ́lá fi odindi ọjọ́ kan dì ń já bọ́ sórí ewé kókò. Kẹ́hìndé kò sunkún. Táyé ló sunkún nígbà tó rí orí èkejì rẹ̀ kodoro, tí tirẹ̀ sì wà síbẹ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí ìbejì kò ti wọ́n, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la ń ṣe fún èkejì, ìbáà jẹ́ aṣọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀wà, ìbáà jẹ́ egbò tí a fẹ́ fi oògùn sí. Àní Tàófíìk ti fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ Táyé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe fá orí ọmọ tó jẹ́ pé àlejò kò fara kàn án rárá nìyẹn.

Ògúntóyè, bàbá àwọn ìbejì, ti oko dé nírọ̀lẹ́, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá! Kí ni n ó sọ fún ìyá wọn?"

"Sọ pé èmi ni. Irun á hù." Ṣùgbọ́n kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ní ti àwọn ọmọ, wọ́n tún bọ́ síta lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń ṣeré létí ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Ọmọ́tárá, aládùúgbò wọn tó ń lọ ta ẹ̀lùbọ́ ní Abẹ́òkúta, ti rí wọn. Ó dúró, ẹrù lórí. Bí ó bá jẹ́ orí ọ̀kan ni wọ́n fá, ì bá ní egbò ni tàbí iná. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì, lọ́jọ́ kan náà, ọmọ tó ní irun bẹ́ẹ̀! Ọmọ ọ̀fọ̀ ni à ń fá lórí bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé, kò rí Ògúntóyè. Oko ni Ògúntóyè wà. A kì í sì í béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó mí kanlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjà Ìtòkú ni ó ti bá Gbémisọ́lá nídìí ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ìbejì."

"Ọmọ́tárá! Ẹ kú ìrìn o. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Mo rí wọn." Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ti fá orí wọn."

"Ti ta ni nínú wọn?"

"Ti àwọn méjèèjì. Ẹ ṣọkàn gírí."

Gbémisọ́lá kò béèrè mọ́. Ọmọ́tárá náà kò sọ mọ́, nítorí kò sí ọmọlúàbí tí í túfọ̀ ọkọ fún obìnrin láàárín ọjà. Èyí tí wọn kò sọ yẹn ló wá dá Ògúntóyè dùbúlẹ̀ nínú sàréè lójú aya rẹ̀. Gbémisọ́lá fi ẹ̀gúsí tó kù sílẹ̀ fún onílé tó wọ̀ sí, obìnrin kan tó ti ń sín, tó ń húkọ́ láti àárọ̀, tó ní òtútù ń mú òun díẹ̀. Kò sinmi, kò jẹun. Lójú ọ̀nà, ó tú irun orí ara rẹ̀ bí opó ṣe ń ṣe, ó sì ń sunkún lọ.

Ọjọ́ kejì ló wọ Pàkọ̀. Ògúntóyè jókòó síwájú ilé, ó ń jẹ iṣu sísun, ọmọ kan lápá ọ̀tún, ọmọ kan lápá òsì. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú irun jákujàku, iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbémisọ́lá! Ta ló kú?"

Gbémisọ́lá fi orúnkún gúnlẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń nà án lẹ́sẹ̀. Nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ó dìde lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ nínú yàrá.

"Ìyá, iná mélòó lẹ rí?"

"N kò rí ọ̀kankan," ni Ìyá Àpèkẹ́ dáhùn. Ó jọ mí lójú pé kò parọ́.

"Mo sọ ara mi di opó láàárín igbó, Ìyá. Nítorí iná tí kò sí."

Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́ nìkan ló ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ. Ìyá náà kò bẹ̀bẹ̀. Á kàn máa fi òrí pa orí àwọn ọmọ náà láràárọ̀, bí ẹni pé ọwọ́ lè fa irun jáde.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé. Àrùn ibà àti ikọ́ kan ti gba ọ̀nà òkun wọlé, ó ti dé Abẹ́òkúta, lúkúlúkú ni wọ́n ń pè é. Ó ti pa onílé tí Gbémisọ́lá wọ̀ sí àti gbogbo èrò tó sùn síbẹ̀. Ọmọ́tárá náà kò ní padà wálé mọ́. Gbémisọ́lá gbọ́ ọ nídìí ààrò: bí kì í bá ṣe orí tí wọ́n fá, òun náà ì bá wà níbẹ̀. Ó bu ẹ̀kọ gbígbóná, ó gbé e wọ yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá Àpèkẹ́ gba ẹ̀kọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n àwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá, lúkúlúkú gba ọ̀nà àwọn èrò wọ Igbó-Ọrà. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní fún àlejò ló kọ́kọ́ mú. Ìyá Àpèkẹ́ dùbúlẹ̀, Gbémisọ́lá ló sì tọ́jú rẹ̀, ó ń bọ́ ọ, ó ń nu ara rẹ̀. Irun àwọn ìbejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù nígbà náà, ó rọ̀, ó sì dúdú. Ìyá náà pè wọ́n, ó fọwọ́ pa á, ó yíjú sí ìyá wọn.

"Bí mo bá kú, wọn á ní kí ẹ fá orí wọn. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fá a. Mo fẹ́ kí o rí i bó ṣe ń hù."

Ó kú kó tó di ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ilé pe Tàófíìk, Gbémisọ́lá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò gbà. Wọ́n bínú, wọ́n ní kò mọ àṣà, wọ́n ní kò fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Ògúntóyè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí wọ́n fi ìyàwó òun sílẹ̀. Tàófíìk ká abẹ rẹ̀, ó lọ sí ilé mìíràn tí wọ́n ti ń dúró dè é. Iṣẹ́ kò wọ́n fún un lọ́dún náà.

Nígbà tí Kérésìmesì fi máa dé, kò sí ilé kan ní Pàkọ̀ tí orí ọmọdé ibẹ̀ kò kodoro. Àwọn ìbejì Gbémisọ́lá nìkan ló ń gba àdúgbò kọjá pẹ̀lú irun lórí, tí ìyá wọn ti rí dì ní kékèké. Àwọn obìnrin tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ a dúró lójú ọ̀nà, wọn a wo àwọn ọmọ náà, wọn a wo ìyá wọn pẹ̀lú ojú ìfẹ́ àti ìlara.

"Ọlọ́run dá tiyín sí o, Ìyá Ìbejì. Kò wọlé yín."

Gbémisọ́lá a ní, "Àmín." Á di ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mú, wọn a máa lọ sílé, níbi tí ilẹ̀ tí wọ́n sin Ìyá Àpèkẹ́ sí kò tíì gbẹ.