Ìbéèrè Méjì Nínú Ẹyọ Kan

Orí àga ni ọmọbìnrin kan dúró sí, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ó ń lẹ àwọn ìbéèrè ìwádìí mọ́ ògiri ọ́fíìsì, nígbà tí ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ láti máa ṣírò ìdáhùn wọlé. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó gbàgbé pé iṣẹ́ lòun wá ṣe.

"Gbogbo ìbéèrè yìí lórí bí àwọn àgbà ṣe ń dá wà? Ẹ ò kàn bi wọ́n pé, 'Ṣé ẹ̀ ń dá wà?'"

"Wọ́n á ní rárá. Ojú máa ń ti èèyàn. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ lánàá, pé ta ló máa mọ̀ bí ara wọn ò bá yá. Ẹ wo gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ẹ máa rí òótọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ bá sọ̀rọ̀ lánàá?"

"Ẹ lọ ṣírò, jàre." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n jọ ń tún ìbéèrè ṣe, wọ́n jọ ń jẹun, títí "ẹ" fi di "o", tí "o" sì di "olólùfẹ́ mi". Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí ọkùnrin náà ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè ló lọ tọrọ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ìyàwó bàbá ti kú, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló ń bá a gbélé. Ó pe ọmọ rẹ̀ síwájú àlejò.

"Ṣé o fẹ́ ọkùnrin yìí, tí wàá sì fi mí sílẹ̀ bá a lọ?"

Ọmọbìnrin náà wo ojú bàbá rẹ̀, àánú ṣe é.

"Rárá, Bàbá mi."

Ọkùnrin náà dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Ọmọbìnrin náà wọ yàrá lọ sunkún. Àárín ẹkún yẹn ni ojú rẹ̀ là. Ó sáré lọ bá ọkùnrin náà nílé, ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ìbéèrè méjì ni Bàbá dì pọ̀! Àwa tí à ń tú irú ẹ̀ lójoojúmọ́, a ò rí i. Bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé o fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ẹ, gan-an ni."

"Ṣé wàá fi Bàbá sílẹ̀?"

"Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ padà lọ bá bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ṣé ẹ máa bá wa lọ?"

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, tí bíbi àwọn àgbà ní ìbéèrè jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Omi lé ròrò sójú Bàbá.

"Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣègbéyàwó yín. Ní tèmi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kúrò nínú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó bi mí ni."