Ẹgbẹ́ Ń Retí Ẹ

Ìdájí ni Adéìfẹ́, ìyàwó Job oníbúrẹ́dì, kú ní Agége, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Dókítà ní òun ṣì ń wádìí. Àwọn ará ilé ò ní sùúrù yẹn. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti mọ̀ pé Wúràọlá ló jẹ ẹ́.

Wúràọlá, opó ará Èkìtì, ló ń po ìyẹ̀fun fún Job, ẹ̀yìn ààrò búrẹ́dì ni yàrá tí Job fún un wà. Àràárọ̀ ló máa ń gbọn èérún sójú fèrèsé, ẹyẹ a sì bo ibẹ̀. "Ìyá Ẹlẹ́yẹ" ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pè é. Láti ọjọ́ tí Adéìfẹ́ ti kú, kò sẹ́ni tó fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ara ọmọ Fàúsát, ayálégbé iwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyẹ̀fun odindi ọpọ́n kan kọ̀, kò wú. Àwọn oníbàárà ní àwọn ò jẹ búrẹ́dì tí ọwọ́ àjẹ́ pò. Job bá ti géètì pa, ó wá bá Wúràọlá nídìí ààrò.

"Mọ̀mí, ẹ ṣáà jẹ́wọ́," ló wí. "Wòlíì á gbàdúrà fún yín lójú gbogbo èèyàn, ó parí. Mo máa fi yín sí ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Ọgbà. Yàrá ibẹ̀ ní fáànù. Ẹ ò ní fojú kan ààrò mọ́."

"Tí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbọ́ ohùn àwọn tó wà níta yẹn. Mi ò lè dá wọn dúró."

Ẹ̀rù ba Wúràọlá, irọ́ kọ́. Ìyá arúgbó tó fẹ̀yìn ti ògiri gbígbóná, ibo ló fẹ́ gbà? Ọ̀rọ̀ kan péré, eegun òun á sì sinmi. Job ṣílẹ̀kùn fún èrò. Wúràọlá ti la ẹnu láti jẹ́wọ́ nígbà tí Fàúsát já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Etí mi ló gbọ́ ọ lójú fèrèsé Adéìfẹ́ nígbà tó ń ṣàìsàn," ni Fàúsát wí. "Mọ̀mí ní, 'Gbà, jẹ ara rẹ̀. Gbà, mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ń retí ẹ.' Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Wúràọlá pa ẹnu dé. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun jẹ́wọ́ rẹ̀ nìyí? Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni, tí bàbá ìjọ fi rán an sí aláìsàn. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń retí Adéìfẹ́. Bí òun bá jẹ́wọ́, oúnjẹ yẹn lòun pè ní oúnjẹ àjẹ́. Fáànù Ọgbà á fẹ́ títí, ọjọ́ tí wọ́n bá múná lọ, á dúró. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó ya òun alára lẹ́nu.

Kò bá Fàúsát jiyàn. Job ló kọjú sí, Job ọmọ katikísì, tó ti pẹ́ tó ti kọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó na ọwọ́ òfìfo sí i.

"Ara Olúwa wa, tí a fi fún ọ."

Kí Job tó ronú, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti gorí òsì, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀.

"Àmín," ni ẹnu rẹ̀ wí.

Fàúsát ń wo ọwọ́ méjèèjì náà.

"Ọ̀gá, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

Job yára ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ọjọ́ tí Fàúsát ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un ló ti mọ̀ ọ́n. Oníbàárà ló fẹ́ kó padà wá.

"Ẹ ṣí géètì," ni Wúràọlá wí, ó sì lọ kó ẹrù rẹ̀.

Kò tíì dé títì tí ẹnìkan fi gba ẹrù náà lórí rẹ̀. Fàúsát ni, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mọ̀mí, yàrá mi ò ní fáànù o," ló wí. "Ara ọmọ yẹn ṣì ń gbóná. Ẹ wá bá mi gbé e."