Obìnrin Tó Ń San Owó Ìjókòó Méjì

Owó ènìyàn méjì ni obìnrin náà san, òun nìkan ló sì jókòó síwájú.

Ní ọdún 1998 tí mò ń wí yìí, ẹni tó bá wọ takisí láti Igbotako lọ sí Òkìtìpupa mọ̀ pé ènìyàn méjì ló ń fún ara wọn mọ́ iwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, kí dẹ́rẹ́bà tó ṣáná sí ọkọ̀. Obìnrin yìí dé gáréèjì lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Búláòsì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì mọ́ rekete. Ó fi owó lé Láyí dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, ó ní kó má gbé ẹnikẹ́ni ti òun.

Ọkàn Láyí kọ́kọ́ yọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fura. Ó bi í bóyá ẹrù kan ló fẹ́ gbé síbẹ̀, obìnrin náà ní rárá. Ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ló ń dúró dè, obìnrin náà ní ọkọ̀ lòun wọ̀, òun ò wá sí kóòtù.

Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Jethro, dẹ́rẹ́bà ẹlẹgbẹ́ Láyí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fa Láyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní obìnrin tó bá ń sá fún ara ènìyàn báyìí, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Títíladé ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbotako, Ìkìrun ló ti wá, kò sì tíì pé ọdún méjì tó gba iṣẹ́ níbẹ̀. Opó ni. Àwọn ará ìlú kò mọ̀ ju èyí lọ, ohun tí wọn kò sì mọ̀ ni wọ́n ń fi tàkúrọ̀sọ.

Láyí ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Igbotako, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ti fi ọdún mẹ́fà wa ọkọ̀ èrò láàárín Òrẹ̀ àti Èkó kí bàbá rẹ̀ tó kú, tó fi padà wálé wá ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó lẹ́nu, ó lẹ́wà, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà, ìyẹn sì ni àléébù rẹ̀.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Títíladé ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, owó ìjókòó méjì ló sì ń san nígbà kọ̀ọ̀kan. Láyí sọ ọ́ ní Tíṣà Ẹni Méjì.

"Tíṣà Ẹni Méjì, èwo nínú yín ni kí n kí?"

"Ẹ kí èyí tó sanwó."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò fi dé, Láyí kì í gba owó kejì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé ẹnikẹ́ni sí ìjókòó náà. Lọ́jọ́ tí Títíladé kò bá lọ sí Òkìtìpupa, Láyí á rí ìdí kan láti gba ẹnu iléèwé kọjá. Ó ń mú púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn Ìkálẹ̀, lọ fún un, nítorí Aníwúrà, ìyá rẹ̀, ló ń ṣe púpurú tó dára jù ládùúgbò wọn. Títíladé ń gbà á, ó ń dúpẹ́, ó sì ń bi í bóyá kò ní iṣẹ́ ni. Ìfẹ́ wọ Títíladé bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀, ó sì bà á lẹ́rù.

Aníwúrà kò fara mọ́ ọn. Ó ní ìgbà mẹ́ta ni tíṣà yìí ti wá sílé òun, kò jẹ, kò mu, omi tútù pàápàá ó ní òun ti mu tòun wá. Wòlíì ìjọ aládùúrà tí Aníwúrà ń lọ sì ti ríran pé obìnrin àjèjì kan ń bọ̀ wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ó fẹ́ gbọ́ orúkọ Títíladé sétí.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Títíladé sọ̀ ní ẹnu ọjà Òkìtìpupa bó ṣe ń ṣe, ó sì dúró ti ẹni tó ń ta tòmátò bí ẹni tó fẹ́ nájà. Láyí ti rìn díẹ̀ kó tó rántí pé òun kò fún un ní ṣéńjì. Ó yí ọkọ̀ padà. Títíladé kò sí nídìí tòmátò mọ́. Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn padà lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, kíákíá, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Láyí ń yí ọkọ̀ tẹ̀ lé e lókèèrè, ó rí i tó yà sínú ọgbà ọsibítù, ó sì rí dókítà ọ̀dọ́ kan tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó mú un lọ́rùn-ọwọ́, tó sì ń bá a rẹ́rìn-ín.

Ojú Láyí ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u, owú ni kò jẹ́ kó rí i pé aago ọwọ́ rẹ̀ ni dókítà ń wò, pé ó ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù ni. Ó padà sí gáréèjì, ó sì ṣe àṣìṣe tó burú jù ní Igbotako: ó sọ ọ́ fún Jethro.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ bá Títíladé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó bi í bóyá dókítà ló ń lọ rí lóṣooṣù.

"Bí ẹ ṣe rí i náà ni," ni Títíladé wí.

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n gbé wá fún un ni, ó sì rí i pé ó dáàbò bo òun ju òtítọ́ lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sunkún.

Láyí kò lè jẹun, kò lè sùn. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá dé, Títíladé wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, Láyí sì tẹ̀ lé wọn. Ó pinnu pé lójú dókítà ni òun máa gbọ́ ọ. Ó rí i tí Títíladé wọ yàrá tó kángun, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, ó ń retí kí àwọn méjèèjì jáde. Kò mọ̀ pé yàrá náà ní ẹnu ọ̀nà kejì, pé ibẹ̀ ni Títíladé gbà jáde. Nọ́ọ̀sì tó dàgbà díẹ̀ kan, Mildred lorúkọ rẹ̀, ló yọjú sí i pé kó wọlé.

"Mo ń wá ẹnìkan ni, mà."

"Gbogbo ẹni tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ń wá ẹnìkan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọlé. Mi ò ní bú ọ, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kí Láyí tó rí àlàyé ṣe, ó ti bá ara rẹ̀ lórí àga. Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa kòkòrò tó ń fa àrùn éèdì: bó ṣe ń wọ ara, ọ̀nà tí kì í gbà wọ ara, pé kì í ti ara ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí abọ́ tàbí ìjókòó ran ènìyàn. Ó ní ẹni tó bá tètè mọ̀ lè gba ìtọ́jú fún àwọn àìsàn tó ń gun kòkòrò náà lẹ́yìn wá, kó sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àpò oògùn kéékèèké wà lórí tábìlì. Láyí ti rí irú rẹ̀ nínú báàgì Títíladé, lọ́jọ́ tó ṣí i láti mú owó ọkọ̀.

Ó wá yé e. Ìbànújẹ́ bò ó lọ́kàn, ìtìjú sì bá a nítorí ohun tó ti sọ fún Jethro.

Ó lè dìde kó lọ. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ̀rọ̀, Òrẹ̀ ń padà wá sí i lọ́kàn, àti Ṣàgámù, àti àwọn obìnrin tí kò rántí orúkọ wọn, àti dẹ́rẹ́bà méjì tí wọ́n jọ ń ná ọ̀nà náà, tí wọ́n rù, tí wọ́n kú, tí gbogbo ènìyàn sì ní ayé ló ṣe wọ́n. Ó ká apá ẹ̀wù sókè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ni Láyí ń fura sí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ara rẹ̀ ló ń fura sí. Bó bá sín, yóò dúró. Bó bá wo dígí, ahọ́n ni yóò yọ jáde. Ó ń bá èrò jà lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Láàárín àkókò yìí, ọ̀rọ̀ dé iléèwé. Títíladé rí i pé àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dákẹ́ bó bá wọlé. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún un pé àṣírí rẹ̀ ti tú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ayé dojú dé fún un. Wọ́n ti lé e jáde nílé ọkọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí rí, ó ti sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò tún sá lọ. Bí iléèwé ṣe ń parí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ bá Láyí níbi tó ti ń fọ ọkọ̀.

"Kí lẹ sọ fún wọn nípa mi?"

Láyí ju àkísà sílẹ̀. "Mo sọ fún Jethro pé dókítà ń fẹ́ ọ. Dákun, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Dókítà nìkan?"

"Dókítà nìkan."

Títíladé di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa pe òun ní àlè dókítà lọ, ó tẹ́ òun lọ́rùn. Láyí kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn," ló wí. "Mo ti wọ yàrá náà. Mo mọ̀."

Ẹ̀rín náà dá. Títíladé yí padà láti lọ, Láyí kò sì dì í mú. Ó kàn sọ fún un pé wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ òun náà, ẹ̀rù sì ń ba òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá a dúró.

Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú ní Èkó ní ọdún 1995, àwọn àna ní òun ló pa á. Ikọ́ ife mú òun náà títí kò fi lè gbé ṣọ́ọ̀kì mọ́. Nígbà yẹn ló ti ń sá fún ẹ̀gbẹ́ ènìyàn nínú ọkọ̀, kó má baà wúkọ́ lu ẹnikẹ́ni. Ikọ́ ti lọ, àṣà náà kò lọ. Àyẹ̀wò ló jẹ́ kí wọ́n mọ ìtọ́jú tí wọ́n máa fún un, ó fi oṣù mẹ́jọ lo oògùn ikọ́ láìfo ọjọ́ kan, ẹran ara rẹ̀ sì padà. Ní báyìí, ó ń lo oògùn kan lójoojúmọ́ tó ń dènà àìsàn mìíràn. Oògùn tó ń ká kòkòrò náà gan-an lọ́wọ́ kò, kò ì tíì dé ọ̀dọ̀ irú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń lò ó lókè òkun, dókítà sì ní yóò dé.

"Omi ilé màmá yín ńkọ́?" ló fi kún un. "N kò fẹ́ mu ún ni, kó má di ọjọ́ kan tí wọ́n á fọ́ ife náà mọ́lẹ̀."

Láyí fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, Títíladé sì jẹ́ kó mú un.

Lọ́jọ́ èsì, àwọn méjèèjì jọ lọ. Láyí pa ọkọ̀ síwájú ọsibítù gan-an, lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sọ̀.

"Títíladé, mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya. Kí n tó wọlé ni mo fẹ́ bi ọ́. Bí n bá jáde tí ara mi dá, wàá ní àánú rẹ ló ń ṣe mí. Bó bá wà lára mi, wàá ní n kò rí ẹlòmíràn tó máa gbà mí."

Òótọ́ ni, ohun tí Títíladé fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ó wò ó títí, ó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé ná," ló wí.

Ó wà lára Láyí. Nọ́ọ̀sì Mildred kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ó sọ ọ́, ó dúró tì í, ó sì sọ pé ara rẹ̀ ṣì le, pé ó dára tó tètè mọ̀. Títíladé wà nídìí ògiri. Láyí ń gbọ́, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n jáde dé abẹ́ igi, ó ní òun gba ọ̀rọ̀ òun padà, òun kò ní di ẹrù lé e lórí.

"Ìgbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni, ẹ lẹ́nu láti fẹ́ mi," ni Títíladé wí. "Ó kàn yín báyìí, ẹ fẹ́ sá. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ lè gbé mi, èmi ò lè gbé yín?"

"Àánú mi ló ń ṣe ọ́."

"Mo mọ àánú. Wọ́n fi wò mí tó ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń ṣàánú kì í bínú, inú sì ń bí mi sí yín láti ọjọ́ tí ẹ ti fi mí fún dókítà. Ó ń bí mi báyìí. Yóò sì tún máa bí mi, mo mọ̀." Ó nu ojú. "Láyí, màá fẹ́ ọ."

Láyí jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré. Títíladé jókòó tì í, èjìká kan èjìká.

Ó ku Aníwúrà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sọ fún un, nídìí ààrò tó ti ń yan púpurú. Kò pariwo. Ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló kó o ran ta. Láyí ní kò sẹ́ni tó ran ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, kálukú ló gbé tirẹ̀ wá. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n máa kú. Títíladé ní àwọn ò mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń retí ikú tòun, òun sì wà níbí. Ó tún bi wọ́n lóríṣiríṣi, ó ń wo ojú ọ̀kan, ó ń wo ojú èkejì, bí ẹni pé irọ́ ló ń wá.

Ó yí púpurú díẹ̀ padà lórí iná. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Mọ́tò rẹ yìí, ṣé yóò lè dé Ìkìrun?"

Láyí ní yóò dé.

"Lọ ra epo sí i," ni Aníwúrà wí. "Kí n wá aṣọ tí màá wọ̀ lọ tọrọ ìyàwó. Wọn ò ní sọ fún mi pé ará Ìkálẹ̀ jí ọma wọn gbé."