Ọ̀dà Pupa Lára Ilé Alájì Fàlílù

Nígbà tí Nùrẹ́nì kọ́kọ́ fojú kan Hajarat, ọmọbìnrin náà dojú kọ ògiri ilé bàbá Nùrẹ́nì ní Joju, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, agolo ọ̀dà pupa wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Atẹ́gùn ń fa híjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn. Híjáàbù ń fò, agolo ń mì, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ dì mú.

Ọmọkùnrin tó bá rí irú èyí tí kò dìde, a jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ara Nùrẹ́nì sì yá dáadáa. Fèrèsé alumínọ́ọ̀mù ló ń ṣe ní Ṣàngó, ojú rẹ̀ sì tètè máa ń rí ohun tó fẹ́ ṣubú. Ó gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rò pé ọ̀kan lára àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára ni, àwọn tí í fi ẹfun sàmì sára ilé tí wọ́n bá ti dé. Ó ní kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, kò sí ọmọ kékeré nínú ilé yìí. Ẹni tó yẹ kó bí i kò tíì gbéyàwó.

Hajarat wò ó láti òkè délẹ̀. "Mi ò béèrè," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ di agolo yẹn mú dáadáa."

Ó dì í mú dáadáa. Ó dì í mú títí ọmọbìnrin náà fi kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn: Ẹ DÁ IṢẸ́ DÚRÓ. Ìgbà tó kà á tán ló mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilé kíkọ́ ni, àti pé òun ti bá ìjọba dá bàbá òun lẹ́kun. Ó béèrè orúkọ rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ènìyàn rere ni Alájì Fàlílù. Pákó ló ń tà ní Ọ̀tà, ọwọ́ rẹ̀ là, ìlà iwájú ló sì máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí, nítorí ó dá a lójú pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ohun tó fi ń yangàn jù ni kànga àgbàlá rẹ̀. Fàtímọ̀, ìyá rẹ̀ tó ti kú, ló gbẹ́ ẹ ṣe sàráà kí ilé tó wà níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, omi rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣínu lóṣù Ààwẹ̀. Yíyangàn lórí ìyẹn tọ́ sí i.

Èyí tí kò tọ́ sí i ni ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣọládé, tó bá a pín ògiri. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn méjèèjì ga bákan náà, àfi ọjọ́ tí Bàbá Ṣọládé gbé táǹkì omi dúdú kan ka orí tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí Alájì ní bákónì kò ti dùn mọ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kò lè sọ fún ayé pé táǹkì ni òun ń bá jowú. Ohun tó sọ ni pé òun fẹ́ fi àjà kẹta lé e fún Nùrẹ́nì àbíkẹ́yìn òun, kí òun àti ìyàwó tí yóò fẹ́ gba yàrá méjì níbẹ̀, kí àwọn ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá gba ìyókù. Wọ́n ti so irin òpó kí Hajarat tó gbé ọ̀dà dé.

Òfin àdúgbò náà ni pé ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì lọ, ìdílé tó lè gbé orí rẹ̀ sì níye. Alájì ní òun ra ilẹ̀. Ṣé òfuurufú orí rẹ̀ ni wọ́n tún fẹ́ tà fún òun ni?

Nùrẹ́nì ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ní Ọ̀tà. Ó ṣàkíyèsí pé fèrèsé ọ́fíìsì Hajarat kò padé dáadáa, ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí èkejì náà fi nílò àtúnṣe. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí fèrèsé rẹ̀ padé tó yẹn. Wọ́n jọ ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lábẹ́ afárá Ṣàngó. Ó ń pè é ní Ìyá Ọlọ́dà, òun náà ń pè é ní Bàbá Alágolo. Ìdí bọ̀ọ̀lì kan náà ni wọ́n ti bá ara wọn dé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Hajarat lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń fẹ́ ọmọ onílé náà. Ọ̀gá gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Fáìlì kúrò, òfin kò kúrò níbi tó wà.

Alájì ẹ̀wẹ̀, inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́. Ó ní Ọlọ́run ló fi ìjọba ṣe ìyàwó ọmọ òun. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ọmọbìnrin náà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ọ̀dà yẹn kúrò. Bí kò bá nù ún, kò sí yìgì.

"Mi ò lè nù ún," ni Hajarat wí. "Bí mo bá nu ti bàbá ọkọ mi, kí ni màá sọ fún ẹni tí kò ní ọmọkùnrin tó rẹwà?"

Nígbà mìíràn, Nùrẹ́nì ì bá rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó burú nínú kí bàbá òun fi yàrá díẹ̀ kún ilé rẹ̀. Hajarat mú un lọ sẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣàngó, sí ilé gígùn tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó dé láti Ìwó. Onílé ń fi yàrá kún yàrá lẹ́yìnkùlé, títí kò fi sí ibi tí wọ́n tún lè gbẹ́ ihò ṣaláńgá sí mọ́ àfi ẹ̀gbẹ́ kànga. Omi kànga bàjẹ́, Umar àbúrò rẹ̀ ṣàìsàn inú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Pákó ni wọ́n fi dé kànga náà títí dòní.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì," ó ní, "ibí yìí ni mò ń wò."

Nùrẹ́nì wo pákó náà pẹ́. "Wá sọ ọ́ fún bàbá mi, olólùfẹ́ mi."

"Mi ò ní sọ ọ́. Màá bi wọ́n ni."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bá Alájì lórí àga nínú àgbàlá. Kẹrosíìnì àti àkísà ti wà nílẹ̀. Hajarat kúnlẹ̀, ó kí i títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí òun tó fọwọ́ kan àkísà, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi nǹkan kan han òun. Ihò ṣaláńgá tó wà lẹ́yìnkùlé kò lè gbà ju àwọn tó wà nílé lọ. Níbo ni ti àwọn ayálégbé tuntun yóò wà?

Alájì rẹ́rìn-ín; ṣé èyí nìkan ni? Ó na ìka sí apá ọ̀tún, ó bá ògiri Bàbá Ṣọládé pàdé. Ó nà án síwájú, gọ́tà àti títì ló wà níbẹ̀. Ó nà án sí òsì, ilé ìdáná. Ìka náà ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìka ẹni tó ń wá ibi tí Mẹ́kà wà, títí ó fi dé orí ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣófo, ó sì dúró. Ẹ̀gbẹ́ kànga Fàtímọ̀ ni.

Obìnrin aládùúgbò kan ń fa omi lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó rò pé òun ni wọ́n nàka sí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi, Alájì. Ọlọ́run á fi Alùjánnà kẹ́ ìyá yín fún wa."

"Àmín," ni Alájì wí. Ìka rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó ká a kò, ó sì fi ọwọ́ náà pamọ́ sínú agbádá bí ọmọ tó jí ẹran.

Alájì béèrè bóyá ohun tí òfin náà ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹnu tí wọ́n fi sọ ọ́ ni kò dùn."

Alájì ní kí Nùrẹ́nì fa omi wá. Ó kọ́kọ́ fi ife náà fún Hajarat kí òun tó mu. "O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Ìyá mi lo bá mi tọ́jú."

Inú àgbàlá náà ni wọ́n ti so yìgì wọn. Irin tí wọ́n ti so fún òpó àjà kẹta ti di ìbòrí kànga, gbogbo àlejò sì mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọ̀tà ni tọkọtaya yóò máa gbé, nínú yàrá méjì tí ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fèrèsé rẹ̀.

Ti ọ̀dà pupa ńkọ́? Alájì kò jẹ́ kí wọ́n nù ún. Ó ní kí wọ́n fi fáníìṣì bò ó kí òjò má baà pa á. Ó ń mú àwọn àlejò lọ síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọwọ́ ìyàwó ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ mi ló bá a di agolo mú." Yóò wá gbójú sókè wo táǹkì Bàbá Ṣọládé, bí ẹni tó ń ṣàánú ẹni tí kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sára ògiri rẹ̀ rí.

Nígbà tí èrò dín, tọkọtaya dúró síbẹ̀. Nùrẹ́nì gbé ife omi dání, ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ìyá Ọlọ́dà, àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára wá ńkọ́?"

"Sọ fún wọn kí wọ́n má jìnnà," ni Hajarat wí. Híjáàbù funfun rẹ̀ ti tún ń fò nínú atẹ́gùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì so ó. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ di ife yẹn mú dáadáa."

Ó dì í mú.