Ìlú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ti Mọ̀ Ọ́n

Ọ̀rẹ́ mi tí ìwé pélébé yìí tẹ̀ lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì sọ ọ́ nù. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀mùtí. Kò jalè rí, kò fẹ́ obìnrin méjì, kò sì bú ìyá ẹnikẹ́ni. Bí o bá pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú rẹ̀, á ní kí o lọ wá ẹni tí ò ń bá wí. Bóyá ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà ni, ó ń fi iná jó irin mọ́ irin. Kíákíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá fi ọjọ́ márùn-ún ṣe, ọjọ́ méjì ni tirẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn dé eegun, ó tilẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ènìyàn bá rán an létí, á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀lẹ ló pa òwe yẹn.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó ní ìwà kan tí ó máa ń pa ọkọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín: bí ó bá gbé aṣọ kọ́, ẹ̀yìn ni yóò máa fà sí kí ó lè rí i látòkè délẹ̀, yóò sì máa fà lọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kan ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ta bákẹ́ẹ̀tì omi dànù nínú yàrá wọn lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n sì ti fẹnu kò pé àwọn yóò kó lọ sí ìlú ńlá. Méjì ló wà nílẹ̀: ìlú ńlá etí òkun, àti ìlú ńlá orí òkè tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń gbé. Ìyàwó lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fa ìlà sí i láàárín, ó sì ń kọ ire ìlú kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Ní orí òkè, ilé-iṣẹ́ ìránṣọ kan ń gba ènìyàn," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ti bá wa wo yàrá. Omi wà nínú ọgbà. Ó kù kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, olówó orí mi."

"Etí òkun ni ká lọ."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ó tóbi."

"Ó tóbi! Ṣé a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀ ni?"

"Níbẹ̀, o lè gbé ilé fún ọdún mẹ́wàá kí ẹni tó wà ní yàrá kejì má mọ orúkọ rẹ."

"Ìyẹn lẹ wá kà sí ire?"

Kíákíá mú bàtà rẹ̀, ó ń nù ún. Obìnrin náà wò ó títí, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà náà nìyí. Ilé ìwé kan ní àdúgbò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Kíákíá ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ irin ààbò ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè fún. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ irin náà wọ inú sìmẹ́ǹtì jìnnà, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ le, gbígbẹ́ ihò sì ń gba àkókò. Ó ti fọ́nnu fún ọ̀gá ilé ìwé pé ọjọ́ méjì ni òun yóò fi parí. Kí ojú má bàa tì í, ó gé ẹsẹ̀ irin náà kúrú, ó fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ní kí péńtà tètè kùn ún. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, iṣẹ́ náà rẹwà. Ọ̀gá ilé ìwé pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó fara ti irin náà, irin náà mì. Láti ọjọ́ náà ni ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú.

Péńtà yìí, àgbà ọkùnrin tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, rí i pé irin náà ń mì nígbà tí ó ń kùn ún. Ó dákẹ́ nítorí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, tí ó gbọ́ pé ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo òkè, ó wá bá Kíákíá ní ṣọ́ọ̀bù.

"Àbúrò, mo ti bá Ọlọ́run sọ tèmi. Èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó. Jẹ́ ká jọ lọ sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ba tèmi jẹ́. Mo ti fẹ́ kó kúrò níbí."

"Ìlú wo lò ń kó lọ tí o ò ní bá ara rẹ níbẹ̀? Wò ó, ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń kun nǹkan. Ọ̀dà kì í mú irin dúró. Ibi tó ti jẹrà lábẹ́, yóò máa jẹrà lọ ni. Jésù kò wá fi ọ̀dà bo ẹ̀ṣẹ̀ wa, àbùdá wa gan-an ló wá tún ṣe. Òun ló kú nítorí èyí tí mo bò mọ́lẹ̀ àti èyí tí o gé kúrú."

"Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣubú ni?"

Péńtà wò ó pẹ̀lú àánú. "Mo fún ọ di ọ̀sán ọ̀la. Bí o ò bá sọ, mà á sọ."

Ẹ̀rù mú Kíákíá dé ilé. Kò jẹun. Ó fa bébà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ya, ó ní etí òkun ni, ọjọ́ Àìkú ni àwọn yóò gbéra, òwúrọ̀ ọ̀la ni òun yóò lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

"A ò tíì parí ìpinnu," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Èmi ni ọkọ. Mo ti parí ẹ̀."

Obìnrin náà ṣa bébà tó ya nílẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí i sùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó jáde, kò sọ ibi tí ó ń lọ. Ọkọ rẹ̀ náà kò béèrè.

Ní ibùdókọ̀, Kíákíá tò títí ó fi kàn án. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn fèrèsé kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìlú wo?"

Kó tó lanu, fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ilé ìwé ni mo wà o," ó ní, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Mo ti ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé mà á wọn fèrèsé òkè wọn fún kọ́tìnì. Bó bá jẹ́ pé ọ̀la la ń lọ, ó yẹ kí n wọ̀n ọ́n fún wọn kí wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Èmi kì í fi iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ láàbọ̀."

Kíákíá figbe ta. "Òkè wo? Kúrò níbẹ̀! Sọ̀ kalẹ̀ báyìí!"

"Ẹ ti ń pàṣẹ láti àná. Ó tó." Ó pa fóònù rẹ̀.

"Ọ̀gá, ìlú wo?" ni akọ̀wé tún bi í. Ṣùgbọ́n Kíákíá ti ń sáré.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin náà ń rí bí ó ti ń sáré? Bákẹ́ẹ̀tì omi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ta dànù ni. Ó mọ̀ pé kò sí bí obìnrin yẹn yóò ṣe wọn fèrèsé tí kò ní fà sẹ́yìn wò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè yẹn kò sì fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹni tí kò gbàdúrà láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójú pópó pé, "Jésù, má jẹ́ kó fẹ̀yìn tì í. Jésù, má jẹ́ kó fẹ̀yìn tì í."

Ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wọlé, ó fo àkàbà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní méjì méjì. Nígbà tí ó yọrí, ìyàwó rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan. Ó tún fa ìkejì.

Kíákíá fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé bí obìnrin náà bá ta gìrì, ẹ̀yìn ló máa lọ. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó mi. Bọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan péré."

Obìnrin náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó fajú ro. "Àṣẹ lẹ tún sáré gbé dé ibí." Ó sì nawọ́ sẹ́yìn láti di irin mú.

Kíákíá wólẹ̀ gbalaja. Agbéraga ọkùnrin tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Má fọwọ́ kàn án."

Háà! Ìyàwó rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbàgbé ìbínú, ó gbàgbé fèrèsé, ó sáré síwájú láti gbé e dìde. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Ọkọ rẹ̀ dì í mú, ó gbé e dé ara ògiri. Lẹ́yìn náà ni ó padà lọ, ó fi ọwọ́ kan ti irin náà, bí ènìyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Irin náà tú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wó lulẹ̀ gbàgà sí àgbàlá, sórí ìlà funfun tí wọ́n ti fà kalẹ̀ fún àwọn ọmọ láti tò sí ní ọjọ́ Ajé.

Obìnrin náà wo ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé torí èyí ni etí òkun?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Òun ni."

"Ẹ fẹ́ mú mi lọ, kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ..." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé sáré jáde, péńtà sì ń wọlé bọ̀, nítorí ọ̀sán ti pọ́n. Kíákíá sọ̀ kalẹ̀, kò dúró kí wọ́n bi òun. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò gé ìkankan kúrú. Péńtà náà sọ tirẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé bínú gidigidi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Kíákíá wí nígbà tí ó ku àwọn méjèèjì, "ṣé Jésù lè gba irú mi?"

"Irú rẹ nìkan ló ń gbà. Àwọn tí kò lẹ́ṣẹ̀ kì í wá sọ́dọ̀ Rẹ̀." Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó wó. Àdúrà Kíákíá kò gùn: "Olúwa Jésù, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe irin nìkan ló mì, èmi náà ni. Ìwọ ló kú fún mi. Wá tú mi ká, kí O tún mi ṣe." Nígbà tí ó dìde, ìyà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi tún irin náà ṣe, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ dúró sí ìsàlẹ̀ títí ó fi parí. Ó pa orúkọ Kíákíá rẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ kò tètè gbàgbé. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejìlá ó lẹ bébà tuntun mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì na bírò sí i. Ọkọ rẹ̀ kọ ìlú orí òkè sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, ẹrù ṣì wà lórí wọn nígbà tí ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì ti yọjú. "Ta ni yín? Níbo lẹ ti ń bọ̀? Iṣẹ́ wo lẹ ṣe gbẹ̀yìn níbẹ̀?" Ọkùnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó dáhùn gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Kí ni o fi ọ̀dà bò? Ìlú wo lò ń sá lọ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀? Ọlọ́run ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ, ó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Má sọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣubú. O kọ ẹ̀yìn sí ohun tí kò lè gbà ọ́ dúró, o sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀. O ò rí i, ṣùgbọ́n Jésù rí i. Kò pariwo mọ́ ọ. Ó rẹ ara Rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, títí dé orí àgbélébùú, Ó sì ń pè ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o ti ń ka ìwé yìí, kí o sọ tìrẹ fún Un láìgé e kúrú.

Bọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan péré. Lónìí.